Èéfín Píjó Adékọ́lá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn àna yín ṣe fẹ́ràn yín tó, ẹ jẹ́ kí ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín kọ́kọ́ dára ná. Olúrẹ̀mí ló kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ títí dòní.

Ẹja yíyan ni Olúrẹ̀mí ń tà lọ́jà Ekiosa ní Bìní. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ náà sì ni Adékọ́lá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bìní ni wọ́n ti fẹ́ra, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ọmọ wọn kan ṣoṣo sí. Motọ́lání lorúkọ ọmọ náà. Ó ti dàgbà, ó ń dirun fún àwọn èèyàn nílé. Gbogbo ohun tí ẹ bá bá a sọ ní Yorùbá ló ń gbọ́, Pijin ni yóò sì fi dá yín lóhùn, kì báà ṣe ọba ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ilé wọn wà lọ́nà Ekenwan, lẹ́yìn bárékè àwọn ṣọ́jà. Ààrò tí ìyá ń yan ẹja lé wà lẹ́yìnkùlé, igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, Píjó Adékọ́lá sì wà lábẹ́ igi náà. Nígbà tí àìsàn dé bá Adékọ́lá ló gbé mọ́tò náà síbẹ̀. Kò gbé e jáde mọ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọjọ́ tí wọ́n máa pín ogún, àwọn ẹbí ọkọ tú dé láti Ọ̀wọ̀. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀. Bàtà ọkùnrin tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, wọ́n kó òun náà. Ẹ gbà mí! Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Jayéọlá, ẹ̀gbọ́n òkú, tó jẹ́ olórí ilé wọn, ló wọ inú Píjó lọ, tó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò wúkọ́, ó mì tìtì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín funfun. Òórùn burúkú gba gbogbo àgbàlá kan. Jayéọlá bẹ́ jáde, ó ń wúkọ́, ó ń nu ojú.

Ó ní, "Òkú irin lèyí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìyàwó, kó máa fi sá aṣọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olúrẹ̀mí tó ti sunkún títí tí ojú rẹ̀ fi wú náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí opó tí kò bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àna, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bèèrè Píjó. Olúrẹ̀mí ń sá aṣọ sórí rẹ̀ lóòótọ́, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ọrùn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà Ekenwan lọ́hùn-ún, létí omi, ni Olúrẹ̀mí ti ń ra ẹja tútù. Àwọn onímọ́tò kì í fẹ́ gbé e, wọ́n ní ẹrù rẹ̀ ń rùn. Bí ọ̀kan bá gbé e, á já a sílẹ̀ níbi tó bá wù ú, Olúrẹ̀mí á sì fi orí ru ìyókù ọ̀nà. Ó ṣe é títí, apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Ìka rẹ̀ kò mọ ìgbà tí iná ń jó o mọ́ nídìí ààrò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ó ní, "Màmá, ẹ gbé ẹrù orí yìí kalẹ̀. Eegun ọrùn yín ti ń jẹ. Tí ẹ bá tún ń rù ú, apá yìí máa kú mọ́ yín lára."

Ẹni tí apá kan bá kú mọ́ lára, báwo ló ṣe máa yí ẹja lórí iná? Olúrẹ̀mí darí sílé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo Píjó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Motọ́lání ti kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Bí irin yìí bá lè rìn, ọrùn òun lè sinmi, apá òun á sì bọ́ lọ́wọ́ ikú. Kò sí ọ̀nà mìíràn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ló bá ránṣẹ́ pe Làmídì. Mẹkáníìkì ni Làmídì ládùúgbò Uselu, ọmọ Ìkirè. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi. Ó gbé bátìrì tuntun wá, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó da epo àtijọ́ tó ti dìdàkudà nù, ó ń fọ́nnu ní gbogbo ìgbà náà pé mọ́tò tí òun kò bá lè jí, kí wọ́n lọ sin ín. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ké, ó dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, èéfín ti gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde.

Làmídì figbe ta. "Yéè! Ọ́ìlì ló ń jó! Ẹ́ńjìnì ti lọ!"

Olúrẹ̀mí ní, "Pa á." Ó sún mọ́ ọn, ó fa òórùn náà símú. Ẹni tó ti ń yan ẹja láti ìgbà ọmọge, ṣé èéfín ni ẹ fẹ́ fi hàn án? "Ọ́ìlì kọ́ lèyí, Làmídì. Aṣọ ló ń jó, aṣọ pẹ̀lú irun."

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eku ti kọ́lé sórí páìpù èéfín, níbi tó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Koríko wà níbẹ̀, òwú ìjókòó wà níbẹ̀, irun àtọwọ́dá tí Motọ́lání ń dì fún àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ kìtìkìtì. Olúrẹ̀mí tún rí àjákù fìlà Adékọ́lá kan tí ó ti wá títí lọ́jọ́ ìsìnkú tí kò rí. Ó ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi í sínú ìgbànú rẹ̀.

Wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn kúrò, wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì dún dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n òórùn mìíràn tún dé, tòun ti igbe hán-ín hán-ín bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa. Olúrẹ̀mí ní ó jọ pé ilé eku kan tún ṣẹ́ kù síbì kan. Làmídì rẹ́rìn-ín àrínkèékèé.

"Màmá, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa. Rọ́bà nìyẹn. Ohun tí fáńbẹ́lìtì ń yí ti gan, kò yí mọ́, bẹ́lìtì wá ń ha ara rẹ̀ mọ́ ọn."

Òótọ́ ló sọ. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn tó ti lò rí sí i, igbe náà dákẹ́. Inú Olúrẹ̀mí dùn débi pé ó bu ẹja fún un, ó sì fún un ní èyí tó tóbi jù nínú agbọ̀n.

Ó ku òórùn kan ṣoṣo, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ wọ́n lẹ́mìí. Bí mọ́tò bá wà lójú kan, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá gbé e jáde, tí wọ́n rìn díẹ̀ lọ́nà Ekenwan, òórùn jíjó á bẹ̀rẹ̀, mọ́tò náà á sì máa lọ́ra bí ẹni tí wọ́n ń fà láṣọ lẹ́yìn. Làmídì tú iwájú, ó tún un tò. Ó ní wáyà ni. Ó pààrọ̀ wáyà, òórùn kò lọ. Ó ní kàbúrétọ̀ ni. Ó fọ ìyẹn, òórùn kò lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Olúrẹ̀mí tìfura-tìfura, ó ní bóyá kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè, bóyá ọwọ́ ayé wà ńbẹ̀.

Olúrẹ̀mí ní, "Ayé wo? Ayé kò ríṣẹ́ ṣe ni? Dúró níbí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi imú rìn yí mọ́tò ká. Iwájú kò rùn. Ẹ̀gbẹ́ kò rùn. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, níbi táyà òsì, ìgbóná lù ú lójú. Ó tutọ́ sí irin táyà náà, itọ́ hó ṣáà, ó gbẹ.

Làmídì ra pálá wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yọjú, ìtìjú díẹ̀ wà lójú rẹ̀. "Bíréèkì ọwọ́ ni, Màmá. Ẹni tó gbé mọ́tò yìí sílẹ̀ kẹ́yìn fà á sókè ni, okùn rẹ̀ sì ti dípẹtà síbẹ̀. A sọ ọ́ kalẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n lábẹ́ níhìn-ín, ó ṣì di táyà mú."

Olúrẹ̀mí jókòó sórí koríko. Àgbàlá wọn dà gẹ̀rẹ́ sápá ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ kòtò, ẹ̀rù sì máa ń ba Adékọ́lá pé mọ́tò lè yí lọ síbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fa bíréèkì náà. Kódà lọ́jọ́ tó gbé e wọlé kẹ́yìn, tí ara rẹ̀ kò yá, tó ń làágùn, ó fà á, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti kú, ó ti jẹrà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di mọ́tò mú. Olúrẹ̀mí sunkún lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, kò bìkítà fún àwọn tó ń kọjá.

Làmídì fi òòlù àti ọ́ìlì tú okùn náà. Kó tó lọ, ó pe ìyá àtọmọ, ó na ìka sí wọn.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì ọwọ́ yìí títí n ó fi rí okùn mìíràn. Ẹni tó bá fà á sókè, ì báà tún sọ ọ́ kalẹ̀, táyà kò ní bọ́ lábẹ́. Á máa jó bí mọ́tò bá ṣe ń lọ ni. Òkúta ni kí ẹ máa fi dí táyà."

Wọ́n gbọ́. Ọjọ́ kejì, Motọ́lání wa ìyá rẹ̀ lọ sétí omi, wọ́n kó ẹja, wọ́n kó o dé ẹnu ààrò láìsí pé Olúrẹ̀mí gbé agbọ̀n kan lórí. Obìnrin náà sùn bí ọmọ ọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ìka rẹ̀ ti ń mọ iná lára díẹ̀díẹ̀.

Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá dákẹ́! Ṣùgbọ́n ìwà ìyàwó àtàtà kò jẹ́ kó dákẹ́. Nínú ilé Èṣùbíyì, ìyẹn ilé ọkọ rẹ̀, ohun òkú tó bá ti sùn tó tún jí, olórí ilé ló gbọ́dọ̀ bu omi tútù sí i, kó ṣe àdúrà sí i, kó tó máa rìn kiri. Olúrẹ̀mí kò fẹ́ kó di pé aburú ṣẹlẹ̀ lọ́nà, kí wọ́n wá ní òun jí ohun ọmọ wọn gbé. Ó tún fẹ́, kí a má parọ́, kí wọ́n yìn ín. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ìyàwó wọn, kò sẹ́ni tó yìn ín rí.

Nígbà tó sọ fún Motọ́lání, ọmọ náà ju kóòmù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mama, abeg, no call dem. Na smoke dey guard that motor since. Now smoke don finish."

Ohun tó sọ ni pé èéfín ló ń ṣọ́ mọ́tò yẹn láti ọjọ́ yìí, èéfín sì ti tán. Ẹ ò rí i? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ etí dídi.

"Kí lo mọ̀? Ọmọ tí kò gbé Ọ̀wọ̀ rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kò ju kí wọ́n wá ṣàdúrà lọ."

Ó pe Jayéọlá lórí fóònù. "Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mọ́tò àbúrò yín ti jí."

Jayéọlá ní, "Ṣé kò rú èéfín mọ́?"

"Kò rú mọ́ o, Bọ̀dá. Kò tiẹ̀ rùn rárá."

"Háà, a dúpẹ́. À ń bọ̀ ní Sátidé."

Sátidé pé, Jayéọlá dé, ó mú Gbóyèga ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn, kò sí ọsàn. Olúrẹ̀mí gúnyán, ó fi ẹja tó dára jù se ọbẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Jayéọlá wá bu omi tútù sínú igbá. Ó wọ́n ọn sí táyà, ó wọ́n ọn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba àdúrà títí tí Olúrẹ̀mí fi ń ṣe àmín pẹ̀lú omi lójú. Lẹ́yìn àdúrà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Gbóyèga fi mọ́tò náà yí àdúgbò ká, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbóyèga gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kan. Ó rí i pé ilẹ̀ àgbàlá dà gẹ̀rẹ́, ló bá fa bíréèkì ọwọ́ sókè, kírírí.

Olúrẹ̀mí gbọ́ ọ. Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n Jayéọlá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, o ṣeun. O bá wa tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Gbóyèga ti ń wá ohun tó máa fi ṣe takisí nílé. Inú Adékọ́lá á dùn níbi tó wà."

Olúrẹ̀mí kọ́kọ́ rò pé etí òun ni. Ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ní òkú irin ni. Ẹ ní kí n máa fi sá aṣọ."

"Ìgbà tó jẹ́ òkú irin nìyẹn. Ó ti jí báyìí. Ohun tó bá jí, ilé baba rẹ̀ ló ń lọ."

"Ọrùn mi ni, Bọ̀dá. Nọ́ọ̀sì ní tí mo bá tún rẹrù, apá mi máa kú. Mọ́tò yìí ni mo fi ń jẹun. Ọmọ ẹni tó ni ín sì rèé."

Jayéọlá wo Motọ́lání láti òkè délẹ̀. "Obìnrin tó máa lọ sílé ọkọ lọ́la? Tí kò tiẹ̀ gbọ́ èdè wa?"

Motọ́lání dìde. Yorùbá ló fi dáhùn, kedere, tí gbogbo wọn fi gbọ́. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, Bàbá. Kò sí èyí tí mi ò gbọ́."

Jayéọlá kọjú sí ìyá. "Di ẹja díẹ̀ fún wa, ìyàwó, ká fi kí àwọn ará ilé."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́, ó tún ní ká bá òun nu ọwọ́. Olúrẹ̀mí sì di ẹja fún wọn! Ó gbé e sínú búútù, ó pa á dé.

Gbóyèga sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀. Nínú, ó wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mọ́tò gùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àgbàlá, ó ń lọ́ra, ó ń kùn, wọ́n sì rò pé òkè ni. Kò tíì yà sójú títì tí òórùn náà fi dé imú Olúrẹ̀mí. Ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ wà létè rẹ̀, ìpè kan ṣoṣo ló kù.

Motọ́lání fẹ́ sáré lọ sọ fún wọn nípa táyà ẹ̀yìn. Ó ní, "Mama, na that back tyre. Make I run go tell dem?"

"Jókòó," ni Olúrẹ̀mí wí. "Àwọn ló ni mọ́tò wọn."

Wọn kò tíì dé Ifọ́n lọ́nà Ọ̀wọ̀ tí fóònù fi dún. Jayéọlá ni. "Ìyàwó! Mọ́tò yìí ń rú èéfín o! A ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn gbóná kò ṣé fọwọ́ kàn, kò lọ síwájú mọ́! Kí ló ń ṣe é?"

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

"Kò sí. Kí ló dì í mú?"

Olúrẹ̀mí mí kanlẹ̀. Òòlù díẹ̀ àti ọ́ìlì díẹ̀ ni ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ó ní, "Àbúrò yín ni, Bọ̀dá. Adékọ́lá ló dì í mú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ rẹ̀."

Olúrẹ̀mí gbọ́ tí Jayéọlá ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó má padà síbẹ̀, kó jẹ́ kí ẹja wà níbẹ̀, kó jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, kó máa bọ̀ kíá. Olúrẹ̀mí pa fóònù. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ó dùn di ọjọ́ kejì, nítorí ó ti rò ó pé Làmídì á lọ fi òòlù tú táyà náà, á sì wà á padà wálé, àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò sì ní tọrọ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Làmídì lọ ní kùtùkùtù. Ọ̀sán ló padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọ àgbàlá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ sinmi. Àwọn kan ti tú mọ́tò náà mọ́jú. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnì, wọ́n yọ táyà, wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n kó ẹja. Kò kù ju kòròfo irin tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ.

Olúrẹ̀mí ní, "Ó dáa." Kò sunkún. Motọ́lání náà kò bá a wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, tí wọ́n dé etí omi, ọmọ ní òun á bá a ru agbọ̀n kan, ìyá sì fẹ́ ru èkejì, nítorí ẹja tútù kì í dúró de ẹni tí ọrùn ń dùn. Ìyá ká òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba etí agbọ̀n mú. Ó ní kí ti òsì náà gbá a mú, ó dúró dè é, ó dúró dè é, ọwọ́ náà kò gbéra.